Bí Màlúù àti Ẹfọ̀n Ṣe Ń Fara Da Ooru àti Ọ̀dá Omi

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ọ̀wọ́ màlúù tí àwọn darandaran ń dà lọ sí etí omi kì í ṣe ohun àjèjì lójú àwọn ará Ìdó-Ọ̀ṣun. Àwọn odò kéékèèké ti gbẹ nígbà náà, odò ńlá bí Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rìnlẹ̀ ló kù. Àwọn àgbẹ̀ wa tí wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ mọ wàhálà tí èyí máa ń dá sílẹ̀. A kò fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí gbèjà ẹni tí ó bá da ẹran sínú oko ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ń lé ẹran náà débẹ̀.

Ara màlúù tí kò ṣàìsàn a máa gbóná tó nǹkan bí 38.5°C. Koríko tí ó bá jẹ a máa wà nínú àpò ńlá inú ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa mú ooru jáde gẹ́gẹ́ bí ààtàn tí ń jẹrà ti í gbóná nínú. Oòrùn ń pa á lóde, oúnjẹ sì ń mú un gbóná nínú. Nítorí náà ni ó ṣe fẹ́ràn láti jẹun ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní alẹ́, tí yóò sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi lọ́sàn-án, tí yóò máa jẹ àpọ̀jẹ.

Màlúù funfun ti àwọn Fúlàní, èyí tí a ń pè ní Bunaji, ní ohun ìjà tirẹ̀. Irun funfun rẹ̀ ń dá ìtànṣán oòrùn padà, awọ dúdú tí ó wà lábẹ́ irun náà kò sì jẹ́ kí oòrùn bà á lára jẹ́. Ó ń làágùn dáadáa ju màlúù àwọn ará Yúróòpù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi ni ó wà nínú iké ẹ̀yìn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹran ara àti ọ̀rá ni.

Ṣùgbọ́n òógùn kì í tu ara àfi bí ó bá gbẹ. Nígbà tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa, òógùn kì í tètè gbẹ, ẹran náà yóò sì máa mí lemọ́lemọ́ láti lé ooru jáde. Àwọn Borana ní Ethiopia a máa mú màlúù wọn lọ sí kànga ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ìfaradà ni èyí, kì í ṣe ìtura: ẹran tí kò rí omi mu kì í jẹun tó, wàrà rẹ̀ a sì dín kù.

Ti ẹfọ̀n yàtọ̀. Ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn fún wàrà ní Íńdíà kò ní ihò òógùn púpọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wọ inú omi tàbí kí ó yí nínú àfọ̀. Ẹrẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára ni yóò máa tù ú. Ẹfọ̀n inú igbó tiwa, tí àwọn ọdẹ ń bẹ̀rù, a máa sá sábẹ́ ibòji lọ́sàn-án, a sì máa jẹko lóru. Kì í jìnnà sí omi, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni ó ń mu ún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìgbìmọ̀ ìkórè àti àwọn tí ń ṣe òkú àgbà. Màlúù tí ó bá ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Òkè Ọya ti rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, síbẹ̀ a máa ń so ó mọ́ òpó nínú oòrùn títí di ọjọ́ kejì. Bí ó bá ń la ẹnu mí, tí itọ́ ń dà, tí ó yọ ahọ́n síta, ooru ti fẹ́ pa á. Ẹ fà á lọ sábẹ́ igi, ẹ da omi sí i lára, kí ẹ sì gbé omi síwájú rẹ̀. Garawa kan kò lè tó o: nígbà ooru, màlúù tí ó dàgbà lè mu lítà 30 sí 60 lóòjọ́.