Bí Bẹ́líìtì Ẹ̀rọ Ìlọta Bá Ń Yọ̀

Bẹ́líìtì ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sára ẹ̀rọ tí ó ń lọ ata. Bí ó bá ń yọ̀ lórí púlì, ẹ́ńjìnnì yóò máa sáré lásán, ata kò ní í kúnná, òórùn rọ́bà tí ó ń jó yóò sì gba ibẹ̀ kan.

Kí a kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí ó má baà gé ni ní ìka. Lẹ́yìn náà, kí a wo ohun mẹ́ta. Bí epo bá ta sí bẹ́líìtì, kí a nù ún kúrò. Bí ó bá dẹ̀, kí a sún ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá le jù, bíárìn yóò bàjẹ́. Kí púlì méjèèjì sì wà lórí ìlà kan náà.

Bẹ́líìtì tí ó ti sán kò ní àtúnṣe. Òmíràn ni kí a rà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra tuntun láìwo ohun mẹ́ta wọ̀nyí yóò tún náwó láìpẹ́.