Ọdún Márùndínlọ́gọ́ta Kí Obìnrin Tó Wọ Kíláàsì Òwò Yìí!

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ gbọ́ o! Ní 1908 ni Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà, dá ilé-ìwé òwò sílẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń gba MBA, oyè kejì nínú ìmọ̀ òwò, níbẹ̀. Kì í ṣe àkọ́sórí lásán o. Tíṣà á gbé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kan kalẹ̀: gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọjà ò tà, òṣìṣẹ́ ń kùn. Á wá nàka sí akẹ́kọ̀ọ́ kan: “Ká ní ìwọ lọ̀gá ńkọ́?” Ṣebí ohun tí ìyá aláṣọ ń rò lóròòru nìyẹn, láìwọ yunifásítì! Síbẹ̀, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà sí kíláàsì kìíní. Ó di 1963 kí obìnrin mẹ́jọ tó jókòó síbẹ̀, láàárín ọkùnrin tó lé ní 600.