Ìró Inú Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù, àti Ohun Tí Ó Ń Sọ

Àwọn àgbà a máa wí pé bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ alùpùpù mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí. A máa lọ ní àlàáfíà títí ìró àjèjì kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ọkàn rẹ̀ kì yóò sì balẹ̀ mọ́. Ìró náà lè jẹ́ ohun kékeré tí a ó fi sípánà kan tún ṣe; ó sì lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ fọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa bí a ti ń fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn kí a tó tú ohunkóhun, nítorí títú láìnídìí pẹ̀lú a máa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Èyí tí mo mọ̀ jù lọ ni BSA M20, tí a ṣe ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá bàbá mi ni ó ni ín; ó sì fi í sílẹ̀ fún àbúrò bàbá mi. Àwọn tí ń ṣe ìbọn ni ó dá ilé iṣẹ́ BSA sílẹ̀ ní 1861. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe M20 ní 1937, wọ́n sì ṣe bí 126,000 rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun nígbà ogun 1939 sí 1945. Sìlíńdà kan ṣoṣo ni ó ní. Sìlíńdà náà fẹ̀ ní mìlímítà 82, písítìnì sì ń rìn ní mìlímítà 94 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 13 lọ. Kì í ṣe asáré, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù, ó sì rọrùn láti tún ṣe.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ a dàpọ̀ nínú kàbúrétọ̀, wọn a wọ inú sìlíńdà, písítìnì a tì wọ́n mọ́ òkè, púlọ́ọ̀gì a sì ta iná sí wọn. Iná náà kì í jó tán lójú kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tàn, gẹ́gẹ́ bí iná ti ń la pápá já. Nítorí náà ni púlọ́ọ̀gì fi gbọ́dọ̀ ta iná kí písítìnì tó dé òkè pátápátá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yára, kí iná ṣáájú sí i. Bí ó bá ń rọra fi ipá gun òkè, kí iná pẹ́ díẹ̀. Lára alùpùpù òde òní, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni í ṣe ètò yìí. Lára M20, ọ̀pá kékeré kan wà ní ọwọ́ òsì ẹni tí ó ń gùn ún. Òun ni ó fi ń pàṣẹ fún mágínẹ́ẹ̀tò, ẹ̀rọ tí ń pèsè iná fún púlọ́ọ̀gì.

Ìró kìn-ín-ní dàbí ẹni pé a ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Orí òkè ni a máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí a bá yí ọwọ́ eré púpọ̀ tí alùpùpù kò sì yára. Kì í ṣe pé irin kan ti yẹ̀. Harry Ricardo, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (1885–1974), wà lára àwọn tí ó tọpinpin ọ̀ràn yìí. Bí iná ti ń jó lọ, a máa fún epo tí kò tí ì jó mọ́ igun, a sì máa mú un gbóná, títí apá ìkẹyìn yóò fi bú gbàù fúnra rẹ̀. Ohun tí í fà á ni iná tí ó ta ṣáájú àkókò, èédú tí ó dì mọ́ orí písítìnì, àdàlù tí epo rẹ̀ kéré, ooru àpọ̀jù, tàbí epo tí kò dára. Ṣùgbọ́n M20 kì í fún epo pọ̀ púpọ̀, bí 5 sí 1 péré, epo tí ó dára lóde òní sì tó o ó kù. Nítorí náà kí a wo iná àti èédú kí a tó dá epo lẹ́bi.

Ìró kejì a máa dún tẹ́-tẹ́-tẹ́, ó fúyẹ́, kì í sì yára tó yíyí ẹ́ńjìnnì: ìlàjì rẹ̀ ni. Tápẹ́ẹ̀tì tí ń gbé fáàfù sókè ni. Àlàfo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìró kẹta dàbí ẹni pé a ń gbá àpótí. A máa pọ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, a sì máa dínkù bí ó ti ń gbóná. Písítìnì ni ó ń gbá ògiri sìlíńdà. Ẹni tí ó ní in lè máa lò ó lọ fún ìgbà díẹ̀.

Ìró kẹrin ni kí a bẹ̀rù. Ó wúwo, ó jinlẹ̀, gbì-gbì-gbì ni, a sì máa le sí i bí ẹrù bá wúwo tàbí bí a bá dá ọwọ́ eré padà lójijì. Bíárìn ìsàlẹ̀ apá tí ó so písítìnì mọ́ ọ̀pá tí ń yí ni ó ti jẹ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, kí ó pa ẹ́ńjìnnì lójú kan náà, kí ó ti alùpùpù rẹ̀ dé ilé. Bí apá náà bá fọ́ lórí eré, ẹ́ńjìnnì lè há, kí táyà ẹ̀yìn sì dúró lójijì. Ẹ̀mí lè lọ sí i.

Nípa kàbúrétọ̀, ibi tí ọwọ́ eré wà ni yóò sọ apá tí ó ṣẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìdá kan nínú mẹ́jọ, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni ó ń pèsè epo. Títí dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ibi tí a gé ní ìdí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni. Títí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, abẹ́rẹ́ ni. Lẹ́yìn èyí, jẹ́ẹ̀tì ńlá. Púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú a máa jẹ́rìí: bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù, bí ó bá funfun bí eérú, epo kéré, bí ó bá pupa rúsúrúsú, ó dára. Ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan. Èmi fúnra mi ti yí jẹ́ẹ̀tì àti abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kan náà rí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì burú sí i, n kò mọ èyí tí ó ṣe é nínú méjèèjì.

Nígbà kan alùpùpù àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí ké lórí òkè. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ọkùnrin náà gùn ún, ó fa ọ̀pá iná sẹ́yìn kí iná lè pẹ́, ṣùgbọ́n ìró náà kò yí padà rárá. Ó wí pé, "Bàbá, kì í ṣe iná. Bíárìn ìsàlẹ̀ ti jẹ. A ó tú gbogbo rẹ̀ ni." Owó tí ó pè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àbúrò bàbá mi fi pinnu láti ta ohun ìrántí bàbá rẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ kan." Ó gbà. Mo ṣí ìdérí mágínẹ́ẹ̀tò, mo sì ní kí ó máa fa ọ̀pá náà bí mo ti ń wò. Wáyà ń lọ, wáyà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òrùka inú mágínẹ́ẹ̀tò tí wáyà náà yẹ kí ó máa yí kò mira. Ìpẹtà ti dè é mọ́ ibi tí iná ti ń ṣáájú jù lọ. Mẹkáníìkì náà ti bi ẹ́ńjìnnì ní ìbéèrè tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A yọ òrùka náà, a nu ìpẹtà kúrò, a fi gíríìsì díẹ̀ pa á, a sì dá a padà. Bí a ti dé orí òkè tí mo fa ọ̀pá sẹ́yìn, ìró náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ṣí orí sìlíńdà, tí a fi igi fá èédú tí ó wà níbẹ̀ kí a má baà ha písítìnì.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀, kí a mọ ìgbà tí ìró ń wá, kí a dán iná wò ṣáájú kàbúrétọ̀, kí a dán kàbúrétọ̀ wò ṣáájú títú ẹ́ńjìnnì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a rí i dájú pé ohun tí a fi ń dán an wò ń ṣiṣẹ́. Àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kò níláti wá òwe yìí lọ jìnnà. Ọmọ tí kò dáhùn ìbéèrè wa lè má mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè wa ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí a wo èyí ná, kí a tó wí pé orí rẹ̀ kò pé.