Èérún Irin Tí Ó Fara Pamọ́ Sínú Ẹyinjú

Ojú lọba ara, Ọlọ́hun Ọba ni Ó sì fi í pamọ́ sí wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ọmọọṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí ti alágbẹ̀dẹ bá ń fi òòlù lu irin, èérún irin lè ta lójijì, kí ó sì wọ inú ẹyinjú lọ. Ihò tí ó gbà wọlé lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi pa ara rẹ̀ dé. Ojú lè pọ́n díẹ̀, ìrora lè má tó nǹkan, ọmọ náà sì lè máa ríran kedere. Yóò ní, "Ọ̀gá, kò ṣe mí ní nǹkan kan mọ́." Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Irin tí ó bá jókòó sínú ojú a máa dógùn-ún, yóò sì máa ba awọ tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lè di oṣù tàbí ọdún kí ìríran tó lọ. Igi tàbí ẹ̀gún ní tirẹ̀ lè kó àrùn wọ inú ojú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀? Ẹnu aláìsàn ni yóò kọ́kọ́ bi: iṣẹ́ wo ni o ń ṣe? Kí ni o fi ń lu kí ni? Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ òtítọ́, kí ó má fi bò nítorí ìbẹ̀rù ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, dókítà yóò fi awò tí ó ń mú nǹkan tóbi wo ojú. Bí ọmọlójú kò bá rí róbótó mọ́, tí ó fà sí apá kan, àmì ni. X-ray lè fi irin hàn, CT scan a sì máa fi ibi tí ó wà hàn, ṣùgbọ́n igi lè fara pamọ́ fún méjèèjì. MRI kò yẹ ẹni tí a bá fura pé irin wà lójú rẹ̀, nítorí agbára òòfà inú ẹ̀rọ náà lè fa irin kiri nínú ẹyinjú.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ra ojú náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fa ohun tí ó gún un yọ. Ẹ má kán wàrà ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ewé sí i. Ẹ fi ìdí ife tí kò ní kan ẹyinjú bò ó, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ojú lọ́jọ́ náà gan-an.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pa á láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn. Ọ̀gá tí ó bá gbé òòlù lé ọmọ lọ́wọ́, kí ó fi awò ìdáàbòbò sí i lójú pẹ̀lú, nítorí ohun ìfipamọ́ ni ọmọ ọlọ́mọ. Kí Ọlọ́hun bá wa dá ojú wa sí. Àmín.