Ọ̀rọ̀ Ìwọlé Kan, Fóònù Mẹ́rin: Ọgbọ́n Lílo Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Ìtura ní Sábón Gàrí

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà ni àwọn àgbà wa máa ń wí. Síbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àlejò máa ń bá lọ́wọ́ nígbà mìíràn bí ó bá wọ ilé ìtura ní Sábón Gàrí, ní ìlú Kánò, tí ó sì fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò fún un ní ìwé kékeré kan tí a kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé sí. Bàbá yóò tẹ̀ ẹ́ sí fóònù tirẹ̀, yóò wọlé. Ìyá yóò tẹ̀ ẹ́, òun náà yóò wọlé. Nígbà tí ó bá kan àwọn ọmọ, ẹ̀rọ yóò fèsì pé iye tí a fún yàrá náà ti pé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìdílé tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà wá ṣe ìgbéyàwó, òkú tàbí ọdún lọ́dọ̀ àwọn ará wọn ní Kánò kì í fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ nílé. Ìyá tí ń ta aṣọ ní láti fi àwòrán ọjà tí ó rí ní Kantin Kwari ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rà á. Ọmọ tí a fún láyè ní yunifásítì ní láti jẹ́ ẹ lórí ibùdó JAMB kí ọjọ́ tó kọjá. Ìyá àgbà tí ó wà nílé ń retí láti rí ojú ìyàwó tuntun lórí WhatsApp. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó kún owó tí wọ́n ń gbà, bí kò bá ti ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí ó ti sanwó yàrá kò ní fẹ́ tún ra dátà fún ènìyàn mẹ́rin.

Àwọn ará Kánò ti ń pín ohùn kan láàárín ilé púpọ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn tí ojú irin dé ìlú náà ní 1911 ni Sábón Gàrí, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlú tuntun ní èdè Haúsá, di ibùgbé àwọn ará gúúsù, gẹ́gẹ́ bí Sábó ti jẹ́ ibùgbé Haúsá ní Ìbàdàn. Ní 1944, ìjọba amúnisìn dá ètò rédíò oníwáyà sílẹ̀ ní Kánò, irú èyí tí ó ti wà ní Èkó láti 1935. Láti ibùdó kan ni wáyà ti ń lọ sí ilé àwọn tí ń sanwó. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá pe irú àpótí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé kì í gba èsì, kò mọ iye ẹni tí ń gbọ́ ọ. Gbogbo agboolé lè pé lé àpótí kan. Ẹ̀rọ òde òní ń gba èsì ní tirẹ̀, ó sì ń ka orí ènìyàn.

Báyìí ni ó ṣe ń kà á. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó ń fi han ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì. Bí onílé ìtura bá ní ẹ̀rọ méjì péré ni yàrá kan lè lò, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ráútà yóò gbà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, nítorí pé omi inú ìkòkò kan ni gbogbo yàrá jọ ń bù. Ẹnìkan tí ń wo fíìmù gígùn lè mú kí ẹni mẹ́wàá máa dúró.

Kí ni ṣíṣe? Ohun kìíní ni kí a béèrè. Kí olórí ìdílé sọ iye ẹ̀rọ tí wọ́n mú wá kí ó tó sanwó yàrá, kí ó sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìwọlé mìíràn wà, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó.

Èkejì, bí onílé bá gbà, kọ̀ǹpútà alágbèéká lè di ráútà kékeré. Windows 10 àti 11 ní ètò kan tí ń jẹ́ Mobile hotspot, èyí tí ó lè pín íntánẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà gbà fún ẹ̀rọ tí kò ju mẹ́jọ lọ. Àwọn fóònù Android kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. iPhone kò lè fi Wi-Fi tí ó gbà ṣe Wi-Fi fún ẹlòmíràn. Dátà inú síìmù rẹ̀ ni yóò máa pín, owó yóò sì máa lọ láìsí ìfura.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe máa pa orúkọ Wi-Fi náà rẹ́ kúrò lórí fóònù láti tún un wọ̀. Láti ìgbà Android 10 ní 2019 àti iOS 14 ní 2020 ni fóònù ti lè fi nọ́ńbà àdábọwọ́ pa tirẹ̀ gan-an mọ́ láṣìírí. Bí a bá pa á rẹ́, nọ́ńbà náà lè yí padà, ráútà yóò sì ka fóònù kan ṣoṣo sí méjì.

Ẹ̀kẹrin, kí síìmù kan tí ó ní dátà wà nípamọ́. Bí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀, tí ráútà sì kú, fóònù kan lè pín dátà rẹ̀ fún gbogbo ilé títí iná yóò fi dé.

Àmọ́ ọgbọ́n kì í ṣe olè. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ka wíwọ ẹ̀rọ onílẹ̀ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá ń pín pẹ̀lú gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ó le sí i, nítorí pé bí àjèjì bá gba ibẹ̀ hùwà ibi, orúkọ ẹni tí ó gba yàrá ni wọn yóò kọ́kọ́ pè. Kí a béèrè orúkọ Wi-Fi ilé ìtura lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ wọn kí a tó wọ̀ ọ́, nítorí pé gbájúẹ̀ lè fi orúkọ tí ó jọ ọ́ dẹ pàkúté. Ọ̀rọ̀ báńkì, dátà ara ẹni ni kí a fi ṣe é.

Kí ó tó di oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní ìdálẹ̀ ni ó jẹ́ pé ọwọ́ awakọ̀ ni wọ́n ń fi lẹ́tà rán sílé. Ìrìn ọjọ́ méjì ti di ìṣẹ́jú méjì. Kí ìdílé jókòó, kí wọ́n pinnu ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè dúró, kí wọ́n jẹ́ kí ó kọ́kọ́ lò ó, kí eré sì wá lẹ́yìn. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.