Odò tí Wọ́n ń Ṣí Bí Ẹ̀rọ Omi

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè ibi tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ ní ìsinmi tó kọjá, tí imú wa fi bó bí iṣu sísun. Odò Colorado ni a lọ, ní Arizona, níbi tí odò náà ti gba inú àfonífojì ńlá tí à ń pè ní Grand Canyon kọjá. Ọkọ̀ rọ́bà ni a wọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí atukọ̀ máa ń jókòó sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ gígùn méjì. Owó iṣẹ́ alẹ́ oṣù mẹ́rin ló bá a lọ. N kò kábàámọ̀.

Lees Ferry ni a ti gbéra. Ní nǹkan bíi máìlì 15 sókè ibẹ̀ ni odi Glen Canyon wà, tí wọ́n fi sé odò náà ní 1963. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 710. Lẹ́yìn odi náà ni adágún Lake Powell, tí wọ́n fi orúkọ John Wesley Powell pè, ológun ọlọ́wọ́ kan tó kó àwọn ọkọ̀ onípákó gba àfonífojì yìí já ní 1869. Nígbà ayé tirẹ̀, ẹrẹ̀ pupa ni odò yìí ń gbé. Ìdí tí àwọn ará Sípéènì fi pè é ní Colorado nìyẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ pupa ní èdè wọn. Omi tí àwa bá níbẹ̀ mọ́ gaara, ó sì dà bí àwọ̀ ewé. Yanrìn àti ẹrẹ̀ ti rì sínú adágún lókè.

Ní ọjọ́ kìíní náà ni ọ̀rẹ́ mi já bọ́ sínú omi, níbi ìrugùdù kan tí à ń pè ní House Rock. Ẹ̀wù ìléfòó gbé e sókè, a sì fà á wọlé. Oòrùn ń ta wá lórí bí ata, síbẹ̀ eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ìsàlẹ̀ adágún ni wọ́n ti ń fa omi náà, níbi tí oòrùn kì í dé. Kí wọ́n tó sé odò, omi ibẹ̀ a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìgbà ooru, àwọn ẹja ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Òtútù yìí ló lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ní 2022 ẹ̀wẹ̀, ọ̀dá mú kí adágún fà gan-an, omi tó jáde gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn ẹja àjèjì tó ń pa ẹja ibẹ̀ jẹ sì bá a wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ẹ̀bi tèmi. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, atukọ̀ wa, obìnrin àgbà kan tí àwa méjèèjì ń pè ní Màmá, ní kí n jí lóru kí n wo okùn ọkọ̀. Mo ní kò sí wàhálà. Mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odò ti fà, ọkọ̀ wa sì gúnlẹ̀ sórí àpáta pẹ̀lú gbogbo ẹrù. Odi yẹn ń fi omi yí ẹ̀rọ iná mànàmáná: bí àwọn ará ìlú bá nílò iná púpọ̀, wọ́n a tú omi púpọ̀ sílẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n sùn, wọ́n a dín in kù. Omi ọ̀sán lè má dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ títí di òru. Wákàtí méjì gbáko ni a fi sọ ẹrù kalẹ̀ tí a sì fi ti ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó bú mi, èyí gan-an ló dùn mí.

Màmá ní ohun tí a rí yẹn kéré. Ṣáájú òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1992 láti dáàbò bo àfonífojì náà, omi a máa lọ sókè sódò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń họ àwọn etí odò oníyanrìn tí a ń sùn sí lọ. Yanrìn tuntun kò sì dé mọ́. Ní 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ tú ìkún omi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè gbé yanrìn padà sí etí odò. Wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n 1983 ni ìtàn tó mú un gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Yìnyín orí òkè yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, adágún kún dé ẹnu, wọ́n sì ń fi pákó pẹlẹbẹ gbé ilẹ̀kùn odi ga sí i kí omi má baà gba orí rẹ̀ kọjá. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ẹ̀rọ iná lè gbà. Níbi tí à ń pè ní Crystal, ó dojú ọkọ̀ ńláńlá dé, ẹ̀mí kan sì bá a lọ. Láàárín rẹ̀ náà ni Kenton Grua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ọkọ̀ onípákó kan bọ́ sódò lóru. Crystal dojú tiwọn náà dé, wọ́n sì tún un gbé dúró. Wákàtí 36 àti ìṣẹ́jú 38 ni wọ́n fi já máìlì 277. Mo bi Màmá bóyá òun ìbá bá wọn lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ wo okùn.

Ní Phantom Ranch ni a ti sọ̀kalẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ gun òkè jáde. Ooru ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí a dé yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ sí ẹ̀rọ amúlétutù, ó dúró díẹ̀, ó wojú mi. Mo ní kí ó tàn án.