Kọnsatínà Àlòkù Fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Àtúnṣe

Ẹni tó bá ṣe físíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama á rántí orúkọ Charles Wheatstone, torí Wheatstone bridge. Ohun tí olùkọ́ kì í sábà sọ ni pé ọkùnrin yìí kan náà, tí ìdílé rẹ̀ ń ṣòwò ohun èlò orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe kọnsatínà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1829 ló gba ìwé àṣẹ lórí ohun èlò kékeré kan tí wọ́n ń fẹnu fọn, tó ní bọ́tìnnì lára. Láti ara ìyẹn ló ti bọ́ sórí èyí tí ẹwìrì ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Lọ́dún 1834, Carl Friedrich Uhlig gbé tirẹ̀ jáde ní Chemnitz, nílẹ̀ Jámánì. Ìran méjèèjì ṣì wà lọ́jà àlòkù dòní, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ àtúnṣe gbọ́dọ̀ dá wọn mọ̀ kó tó kówó sílẹ̀.

Ìbátan àkọ́díọ́nì tí I.K. Dáíró fi dá orin jùjú lọ́lá ni kọnsatínà. Ojú igi onígun mẹ́fà ló wà lọ́tùn-ún àti lósì, ẹwìrì aláwọ wà láàárín, bọ́tìnnì sì wà lójú méjèèjì. Iṣẹ́ àga àti àpótí àtijọ́ ni mò ń ṣe ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kọnsatínà ni mo sì máa ń jókòó tì lálẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi máa ń béèrè èyí tó pọ́ọ́kú jù. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ahọ́n rẹ̀.

Ahọ́n ni irin pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n tí atẹ́gùn bá gbabẹ̀ kọjá. Awọ, páálí, sípíríìnì, gbogbo wọn ló ṣeé rà tàbí kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ahọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti ra ti Jámánì àtijọ́, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ahọ́n mélòó kan ló máa ń pín àwo irin gígùn kan, igi ni ọ̀pá tó ń ṣí ihò rẹ̀, páálí ló pọ̀ jù nínú ẹwìrì rẹ̀. Ó lè dún padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun téèyàn kọ́ níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò lára ti Gẹ̀ẹ́sì.

Lachenal ni kẹ́ ẹ wá, oníbọ́tìnnì 20, olójú igi lásán, ahọ́n idẹ. Louis Lachenal bá Wheatstone ṣiṣẹ́ kó tó dá dúró, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ṣe kọnsatínà jáde jù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di àwọn ọdún 1930. Torí wọ́n pọ̀, tí ẹ̀yà kan bá sọnù lára tiyín, ẹ óò rí òmíràn tó ti kú tẹ́ ẹ lè tú u lára rẹ̀. Ní gbàǹjo àti níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé lẹ ti lè pàdé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùtà kò mọ̀ ọ́n lórúkọ, àkọ́díọ́nì kékeré ni wọ́n á pè é, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kówó rẹ̀ wálẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ di ojú kan mú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìkejì rọ̀ láìtẹ bọ́tìnnì kankan. Tó bá já wálẹ̀ wìì, ẹwìrì ń jò tàbí ìdérí ihò kò pa dé dáadáa. Ẹ fi dín owó, ẹ má sá. Bọ́tìnnì tó rì tàbí tí kò dún kò tó ìdí láti sá. Igi tí kòkòrò ti jẹ di ìyẹ̀fun ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Èyí tó wà níwájú mi lórí tábìlì báyìí, síkúrù mẹ́fà ló di ojú kọ̀ọ̀kan. Mo gún ihò mẹ́fà sínú páálí, mo ń ki wọ́n bọ̀ ọ́ létòlétò, torí ihò tí síkúrù kan ti jáde ló gbọ́dọ̀ padà sí. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwo igi tó gbé ahọ́n wà. Bọ́tìnnì 20, ahọ́n 40, torí títẹ̀ wọlé ní ohùn tirẹ̀, fífà síta náà ní tirẹ̀. Ahọ́n kọ̀ọ̀kan jókòó sínú férémù idẹ tirẹ̀, férémù náà sì há sínú igi láìsí gọ́ọ̀mù. Ọ̀kan yadi. Mo fa bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ ahọ́n náà, eruku dúdú bọ́ sílẹ̀, ó dún. Èkejì ń han gooro. Férémù rẹ̀ ló tú díẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tì í wọlé, ó dákẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù lára àwọn tó ń wọlé ni gọ́ọ̀mù alágbára tẹ́nì kan ti dà sórí ẹwìrì, àti ahọ́n tí wọ́n ti fi fáìlì họ títí ó fi tín-ín-rín. Téèyàn bá họ orí ahọ́n, ohùn rẹ̀ á gòkè. Tó bá họ ìdí rẹ̀, á wálẹ̀. Idẹ tó ti bọ́ lọ kì í padà. Ọ̀pọ̀ kọnsatínà àtijọ́ ni ohùn wọn sì ga díẹ̀ ju ti òde òní lọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọn ò bàjẹ́ rárá. Nítorí náà, ẹ dí ibi tó ń jò ná, ẹ pààrọ̀ àwọn awọ kékeré tó ti gan lẹ́bàá ahọ́n, ẹ fi tẹ orin fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ tó mú fáìlì jáde.